Omi Inú Afẹ́fẹ́ Táǹkì

Wàsíù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣàngó, ní Ṣakí níbí, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé omi máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ táǹkì fọkanáísà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń lo afẹ́fẹ́ yẹn kí ó tó sọ ọ́, mi ò mọ̀. Ẹ̀rọ ìlọ̀ ni mo ní. Èlùbọ́ àti àgbàdo ni mo ń lọ̀ fún àwọn ará àdúgbò. Bí ìyẹ̀fun bá ti dí ẹ̀rọ náà, màá tú orí rẹ̀, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ Ládòkun fọkanáísà lójú títì, yóò fi rọ́bà tó fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ fẹ́ gbogbo rẹ̀ títí tí yóò fi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn télọ̀ ń ṣe sí máṣíìnì wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́kadà ń ṣe sí kàbúrétọ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí pé afẹ́fẹ́ Ládòkun ba nǹkan ẹnikẹ́ni jẹ́.

Èmi náà ni mo gbé kọ̀ǹpútà Samsudeen lọ bá a.

Kì í ṣe èmi ni mo bí Samsudeen. Àbúrò mi Mùyìbátù ló bí i, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Èmi ò bímọ. Àwọn ará ilé bàbá ọmọ náà wá láti Kìṣí pé àwọn fẹ́ mú ọmọ àwọn lọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fi í sílẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń rán mi létí pé ọmọ àwọn ni, pé ilé bàbá rẹ̀ ń dúró dè é. Láti ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní Ìyá Samsu. Mi ò ní orúkọ mìíràn tí mo fi jẹ́ ìyá. Ohun tí mo sì bẹ̀rù jù lọ láyé ni pé kí ọmọ náà jí lọ́jọ́ kan, kó ní òun ń lọ sí Kìṣí.

Ó dàgbà, ó mọ̀wé. Iṣẹ́ tó yàn ni yíya àwòrán ilé sórí kọ̀ǹpútà. Ilé tí wọn ò tíì fi búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀, yóò yà á títí tí ẹ ó fi rò pé ẹ lè wọlé lọ jókòó. Kọ̀ǹpútà lásán ò lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní. Ọ̀kan tí wọ́n ṣe fún géèmù nílùú òyìnbó ló rà, tí ilé iṣẹ́ kan ti so pọ̀ lódindi láti ọ̀hún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ gíláàsì, fáànù mẹ́ta ń yí nínú rẹ̀, iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná búlúù ń tàn lára wọn. Ọdún méjì ló fi ṣiṣẹ́ kó tó lè rà á. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ́ọ̀ tán, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà náà, ariwo wọn á bo ti ẹ̀rọ ìlọ̀ mi mọ́lẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Ọmọ Òkèhò ni, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbí. Òun ló kọ́ mi ní ìwé, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Àwọn oníbàárà mi máa ń kọ orúkọ sára ike wọn, èmi ò lè kà á, aṣọ tí wọ́n fi bo ike ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo gbé èlùbọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn, díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì jà. Morẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ wá jókòó. Irú èyí ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Ó ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí ojú kọ̀ǹpútà Samsudeen, ó mú un tóbi tó orí ọmọ, èmi á máa pè é. Bí mo bá ń lọ́ra, á ní, "Ẹ pè é, Màmá. Lẹ́tà kì í gé ènìyàn jẹ."

Ọyẹ́ mú púpọ̀ ní oṣù kìíní ọdún yẹn. Samsudeen lọ wọn ilẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́rin ló ní òun máa lò. Ó fún Morẹ́nikẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ pé kó máa wá tẹ iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún un létí mi pé, "Má gbé omi sún mọ́ ọn o," nítorí Morẹ́nikẹ́ a máa gbé ike omi kiri bí ẹni tó ń lọ sóko ẹgàn. Ọmọ náà wá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo rí i tó gbé ike omi rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀bá ògiri níta kó tó wọlé. Ojú mi ló ṣe.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo fi kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà lọ́wọ́ mi ṣí yàrá náà láti gbálẹ̀. Gíláàsì ẹ̀rọ náà ti funfun. Eruku ọyẹ́ àti ìyẹ̀fun ẹ̀rọ mi ló jọ bò ó. Samsudeen ti máa ń sọ ọ́ pé, "Màmá, èlùbọ́ yín ń wọ inú ẹ̀rọ mi. Yóò rokà fún wa lọ́jọ́ kan." Àwàdà ni, ṣùgbọ́n kì í fi mí lọ́kàn balẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ló ń ba tirẹ̀ jẹ́. Mo ní kí n ṣe é lóore kó tó dé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan wọ̀, mo yọ wọ́n, mo gbé ẹ̀rọ náà rù.

Ládòkun ń lẹ táyà nígbà tí mo dé.

"Ìyá Samsu, kí lẹ gbé wá yìí? Fìríìjì ọmọ tuntun?"

"Kọ̀ǹpútà ọmọ mi ni. Ẹ rọra bá mi fẹ́ ẹ o."

"Háà! Èmi Ládòkun náà ti di oníkọ̀ǹpútà! Ẹ gbé e kalẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti gba afẹ́fẹ́, tiwa ni."

Ó tú gíláàsì rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ó fẹ́ ẹ. Eruku tú jáde bí ìgbà tí ènìyàn gbọn àpò èlùbọ́. Nígbà tó ṣe tán, gbogbo inú rẹ̀ ń dán. Mo gbé e padà sílé, mo ki wáyà kọ̀ọ̀kan bọ ibi tí mo sàmì sí. Mo ń kọrin lẹ́nu.

Samsudeen dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi tan jẹnẹrétọ̀, tó tẹ ẹ̀rọ náà. Fáànù yí lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan kan dún pàà nínú rẹ̀, òórùn bíi ti irun tó jóná jáde, gbogbo iná rẹ̀ sì kú.

Ó pe Wàsíù. Wàsíù dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó tú ẹ̀rọ náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó fi ìka kan pátákó fífẹ̀ kan tó dúró nínú rẹ̀, tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é.

"Mọ́dàbọ́ọ̀dù ti lọ," ó ní. "Omi kàn án. Ẹ wo ojú ibi tó ti jó."

"Omi?" Samsudeen yíjú sí i. "Omi wo? Nínú ọyẹ́ yìí?"

"Omi ni. Kí ni màá fi parọ́ mọ́ omi ṣe?"

Samsudeen kò bi èmi ní nǹkan kan. Fóònù ló gbé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo ń gbọ́ ohùn Morẹ́nikẹ́ nínú fóònù náà.

"Kí lo dà sínú kọ̀ǹpútà mi?"

"Èmi? Mi ò da nǹkan kan sí i. Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Ìwọ nìkan lo wọ yàrá mi. Omi ni Wàsíù bá nínú rẹ̀."

"Samsu, ike mi ò wọ yàrá yẹn. Ìta ni mo gbé e sí."

"Ṣé omi fẹsẹ̀ rìn wọlé ni? Òpùrọ́ ni ẹ́. Mi ò lè fẹ́ obìnrin tó máa ba nǹkan jẹ́ tó tún máa purọ́ sí mi lójú."

Mo gbọ́ tí Morẹ́nikẹ́ gé fóònù náà.

Mo gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, mo jáde. Mo sọ fún ara mi pé afẹ́fẹ́ ni èmi gbé e lọ gbà, kì í ṣe omi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ò kàn mí. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo gba Ṣàngó lọ.

"Wàsíù, bí ènìyàn bá fi afẹ́fẹ́ fọkanáísà fẹ́ kọ̀ǹpútà ńkọ́?"

Ó gbé irin tó fi ń jó wáyà kalẹ̀. "Ìyá Samsu, ta ló ṣe é?"

Ó fa àga fún mi.

"Ẹ wò ó, Ìyá. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá rọ́ sínú táǹkì, omi ni yóò sẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ̀rọ yẹn bá wá ń fẹ́, omi náà á bá a jáde, pẹ̀lú ọ́ìlì. Yóò rí bí ìrì, ẹ ò ní rí i lójú. Táyà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ìlọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n."

Mo bú sẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má sọ fún un."

"Ẹnu mi kọ́ ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Mi ò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn ńkọ́, Ìyá?"

"Tún ẹ̀rọ náà ṣe. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́, ìjà á tán."

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn. Mo rò pé ẹ̀rọ ló dá ìjà sílẹ̀, pé bí ẹ̀rọ bá dìde, ìjà á jókòó. Kìṣí ló wà lọ́kàn mi. Ọmọ tí kì í ṣe èmi ni mo bí, tí mo ba nǹkan rẹ̀ jẹ́, tí mo sì jókòó síbẹ̀ nígbà tó ń lé ìyàwó rẹ̀, kí ni yóò tún jókòó tì mí fún?

Mo ta ewúrẹ́ mi méjèèjì, mo ní kí Wàsíù wá mọ́dàbọ́ọ̀dù. Ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ọ̀kan dé. Wàsíù gbé e wọ inú ẹ̀rọ náà wò, ó sì tún gbé e jáde.

"Kò bá a mu, Ìyá. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ kan so pọ̀ fúnra wọn, bí aṣọ tí télọ̀ rán mọ́ ènìyàn lára ló rí. Ihò síkúrù wọn, tiwọn ni. Ẹnu wáyà iná wọn, tiwọn ni. Àfi ká rí èyí tó ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn gan-an wá." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn káàkiri.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Morẹ́nikẹ́ wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìlọ̀. Samsudeen kò sí nílé. Ó dúró títí oníbàárà tó kẹ́yìn fi gbé ike rẹ̀ lọ, ó wá kúnlẹ̀ sórí ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin wà nílé. Ẹ rí mi. Ẹ sọ fún un pé ẹ rí ike mi níta."

Mo rí i. Mo ti sọ fún yín pé mo rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo rí i, Samsudeen á béèrè pé ta ló wá gbé omi wọlé, ìbéèrè náà á sì yí kiri títí tí yóò fi dé orí mi.

Mo ní, "Mi ò kíyè sí i, ọmọ mi. Ní sùúrù, ó máa tán."

Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́ gan-an. Ó gbọn ìyẹ̀fun orúnkún rẹ̀ nù, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá," ó sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó kó lọ sí Òkèhò, sílé bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wa pé ká má wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí a ti fi ọjọ́ sí. Ó ní àwọn ò bí òpùrọ́ nílé àwọn.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni mọ́dàbọ́ọ̀dù tòótọ́ dé, èyí tí wọ́n tú lára irú ẹ̀rọ náà kan tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Ọ̀sán Sátidé ni Wàsíù wá fi í sí i. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó ń yọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n bí ìgbà tí wọ́n bá ń to ọmọ ayò. Ó dé ibi tí ọpọlọ ẹ̀rọ náà wà, nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan. Ó nu ìpara tó ti gbẹ lára rẹ̀, ó fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òròmọdìyẹ, ó gbé e sórí mọ́dàbọ́ọ̀dù tuntun náà. Ó fi ìpara mìíràn lé e, funfun bí ọṣẹ ìfọyín, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Lẹ́yìn náà ló ń dé síkúrù. Gbogbo ihò bá ara wọn mu.

Samsudeen tẹ ẹ. Fáànù yí, wọn ò dúró. Iná pupa tàn, búlúù tàn. Ojú kọ̀ǹpútà béèrè nọ́ńbà gígùn kan, nítorí kò mọ mọ́dàbọ́ọ̀dù àlejò náà rí. Samsudeen kà á láti inú fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé tó ti yà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ni ọmọ yìí bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi.

"Màmá, ìyá tó bí mi ò lè ṣe jù báyìí lọ. Ohun tí ẹlòmíràn bà jẹ́ tó sá lọ, ẹ̀yin lẹ tún un ṣe."

Wàsíù ń kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò gbójú sókè. Láti ìgbà tí mo ti gba ọmọ náà sẹ́yìn ni mo ti ń retí kí ó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wá dé, mi ò lè gbé e mì.

"Samsu, dìde. Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ Ládòkun pé kó bá mi fẹ́ eruku rẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ yẹn ni omi wà. Morẹ́nikẹ́ ò gbé omi wọlé. Mo rí ike rẹ̀ níta."

Ó yíjú sí Wàsíù. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kejì tó bàjẹ́."

Samsudeen jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Ó ní, "Mo pè é ní òpùrọ́, Màmá. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ gbé oúnjẹ mi dání."

Ọjọ́ náà gan-an ló wọ ọkọ̀ Òkèhò. Kò ní kí n tẹ̀lé òun, mo tẹ̀lé e. A bá Morẹ́nikẹ́ níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bu omi fún wa bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Bí mo ti gba omi náà, èmi náà kúnlẹ̀.

Ó fò dìde. "Màmá! Ẹ dìde o! Ẹ fẹ́ gégùn-ún fún mi ni?"

Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé, mo mọ̀. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, afẹ́fẹ́ Ládòkun, ike ẹ̀bá ògiri, irọ́ tí mo pa nídìí ẹ̀rọ ìlọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó fà mí dìde lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbé mi jókòó.

"Màmá, pé ẹ gbé e lọ fẹ́, ìyẹn ò dùn mí. Ẹ ò mọ̀. Èmi tí mo ń kàwé, mi ò mọ̀ pé omi ń bẹ nínú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tí mo wá bá yín ló dùn mí. Mo ti ń sọ fún bàbá mi lójú ọ̀nà lórí fóònù pé, 'Màmá á gbè mí.'"

Samsudeen ní, "Morẹ́, mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ò bi mí léèrè, Samsu. Ẹjọ́ lo dá fún mi. Ká ní Màmá ò sọ ọ́ lónìí, òpùrọ́ ni màá jẹ́ lójú rẹ títí láé, ẹ̀rọ rẹ á sì máa tan iná rẹ̀ lọ. Mi ò lè fẹ́ ọ mọ́."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Èèpo ẹ̀gúsí ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, Samsudeen dìde, mo tẹ̀lé e. A wọ ọkọ̀ padà sí Ṣakí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a tó ń di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Ó ti fi kúbùsù wé kọ̀ǹpútà náà.

"Níbo, Samsu?"

"Kìṣí."

"Títí di ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Ṣé nítorí pé kì í ṣe èmi ni mo bí ọ ni?"

Ó dúró. Àwọn oníbàárà ti ń tò síwájú ilé, ẹnì kan ń pè pé, "Ìyá Samsu, ẹ wá tan ẹ̀rọ o, oòrùn ti ń ràn!"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní, ǹ bá bínú lọ́jọ́ náà, ǹ bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kẹta, à bá jọ rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù. Mi ò ronú Kìṣí rí, Màmá. Láyé mi, mi ò ronú rẹ̀ rí."

Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi bó ti yẹ. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó gbé ẹ̀rọ náà jáde, ó gun ọ̀kadà tó ti ń dúró dè é, ó gbé e lé itan. Ọlọ́kadà ṣáná. Àwọn obìnrin tó wà nídìí ike wọn ń kí i pé ó dàbọ̀, ó gbé ọwọ́ kan sókè dá wọn lóhùn, ojú rẹ̀ sì wà níwájú. Mo tẹ̀lé wọn dé ojú títì, níbi tí mo ti lè rí ọ̀nà títí dé ibi tó ti yà sí ibùdókọ̀ Ìgbòho, níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Kìṣí. Mo rò pé yóò wẹ̀yìn kí wọ́n tó yà. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n yà. Kò wẹ̀yìn.